Mo ti jáwọ́ nínú sìgá, kí ló dé tí mo wá ń kanra mọ́ gbogbo èèyàn nílé?

Bọ̀dá kan tó ń wa bọ́ọ̀sì láàárín Ṣàgámù sí Ìbàdàn ló kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ yìí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀ ni: "Ẹ káàsán sà. Ọdún 14 ni mo fi mu sìgá, bíi ẹyọ 15 lójúmọ́. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí mi ò fẹnu kàn án. Ṣùgbọ́n sà, mi ò mọ ara mi mọ́. Gbogbo nǹkan ló ń bí mi nínú. Lọ́jọ́ Sátidé mo fọ́ ọmọ mi ọkùnrin létí, ọmọ ọdún mẹ́fà, torí pé ó da omi sílẹ̀, mi ò ṣerú ẹ̀ rí. Ìyàwó mi ní kí n kúkú máa mu sìgá mi lọ kílé lè rójú. Màmá mi ní ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá sìgá, àfi ká wádìí ẹ̀. Mò ń jẹ obì, mo sì ń mu ẹ́nájì dírìǹkì kójú mi lè dá, síbẹ̀ tí mo bá ti jẹun tán báyìí tàbí tí mo bá wọ sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ, ó máa ń ṣe mí bíi kí n fò jáde lọ ra ẹyọ kan. Ṣé sìgá yẹn ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ mi tí kò lè jáde mọ́ ni? Ṣé báyìí ni màá ṣe máa wà?"

Bọ̀dá mi, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ yín kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, torí kì í ṣe ohun tí mo kàn kà nínú ìwé ni. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún 17 rèé tí mo ti wà níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ẹ̀dọ̀fóró ń yọ lẹ́nu, èmi náà sì mu sìgá fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó jáwọ́. Nǹkan tó ń dẹ́rù bà yín, bí mo ṣe gbọ́ ọ, ni pé bóyá sìgá yẹn ló ń bo ìwà burúkú kan mọ́lẹ̀ nínú yín láti ọjọ́ yìí, pé bó ṣe kúrò báyìí ni ojúlówó yín yọ síta. Rárá o. Ọ̀rọ̀ ti màmá ńkọ́, mi ò ní bu màmá kù, ìyá tó rí ọmọ ẹ̀ tó ń yí padà lójijì, ó gbọ́dọ̀ wá ìdí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi bi wọ́n léèrè, ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀? Ọjọ́ tí ẹ ju sìgá nù ló bẹ̀rẹ̀, abí ọjọ́ kejì ẹ̀. Ẹni tó bá máa ṣe èèyàn ní ibi ò ní dúró de ọjọ́ tí ẹ jáwọ́ nínú sìgá kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nikotíìnì ni nǹkan tó wà nínú ewé tábà tó ń so èèyàn mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá fa sìgá báyìí, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20 ó ti dé ọpọlọ, ó yá ju abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún yín nídìí lọ. Nínú ọpọlọ, àwọn ojú ibì kan wà tó dà bí ihò kọ́kọ́rọ́, ibẹ̀ ni nikotíìnì máa ń kì ara ẹ̀ bọ̀, tó bá ti wọ̀ ọ́, ọpọlọ á tú nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní dopamine sílẹ̀, òun ló máa ń jẹ́ kí inú èèyàn dùn, kí ara sì balẹ̀. Tí èèyàn bá wá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 15 lójúmọ́ fún ọdún 14, ọpọlọ á máa gbẹ́ ihò kọ́kọ́rọ́ sí i ni, gbogbo wọn á la ẹnu sílẹ̀ tí wọ́n ń retí. Nikotíìnì ò sì kí ń pẹ́ lára, láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì, ìdajì ẹ̀ ti lọ. Ìgbà yẹn ni ara á bẹ̀rẹ̀ sí í há, ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ kékeré á máa bí èèyàn nínú, ẹ ó wá dá iná sí ẹyọ míì, ara á rọ̀, ẹ ó ní "sìgá yìí ló ń bá mi pa ìbínú o." Iná tó fọwọ́ ara ẹ̀ dá ló ń pa yẹn o, bọ̀dá mi. Olówó èlé ni sìgá, ṣogún dogójì gidi: ó yá yín ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó wá gba ìfọ̀kànbalẹ̀ wákàtí kan padà. Ìkanra tí ẹ ń rí yìí, ó ti wà lára yín láti ọdún 14, díẹ̀díẹ̀ ló ń wá láàárín ẹyọ kan sí èkejì, ẹ ò kàn jẹ́ kó dàgbà rí ni.

Nítorí náà, ìbéèrè yín nípa ẹ̀jẹ̀: nikotíìnì ti jáde nínú ẹ̀jẹ̀ yín tipẹ́, kò ju bí ọjọ́ mẹ́ta lọ tó fi lọ. Ohun tó ṣẹ́kù ni àwọn ihò tó la ẹnu sílẹ̀ nínú ọpọlọ yẹn, àwọn náà á sì pa dé, ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kí wọ́n tó padà sí bí ti ẹni tí kì í mu sìgá. Ìkanra fúnra ẹ̀ kì í tó bẹ́ẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, pàápàá ọjọ́ kejì sí ìkẹta, lẹ́yìn ìyẹn á máa lọ sílẹ̀, fún ọ̀pọ̀ èèyàn láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 ó ti tán tàbí kó kù díẹ̀. Oorun tí kì í wá, ọkàn tí kì í dúró sójú kan, inú tó há, gbogbo wọn wà nínú ẹ̀, wọn ò sì pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, oúnjẹ tó ń wù yín jẹ ṣáá nìkan ló lè pẹ́ jù wọ́n lọ. Àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó ìwádìí 26 jọ ní 2014, wọ́n fi àwọn tó jáwọ́ wé àwọn tó ń mu ún lọ. Àwọn tó jáwọ́ ni àníyàn, ìdààmú ọkàn àti ìrẹ̀wẹ̀sì wọn wálẹ̀. Torí náà ìyàwó yín ò jẹ̀bi ohun tó sọ, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, ṣùgbọ́n tí ẹ bá padà sí sìgá, ṣe lẹ ó tún ọjọ́ mẹ́sàn-án yìí kà láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ míì.

Ẹ ó wá ní, tó bá jẹ́ ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló le jù, kí ló dé tí tèmi ṣì gbóná báyìí lọ́jọ́ kẹsàn-án? Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa, torí lójú tèmi òun ló wà nídìí ìdajì ọ̀rọ̀ yín, mi ò sì tíì rí ẹni tó sọ ọ́ fún àwọn tó ń jáwọ́. Obì àti ẹ́nájì dírìǹkì yẹn ni. Kaféènì tó wà nínú kọfí ló wà nínú obì, ì báà jẹ́ àbàtà ì báà jẹ́ gbànja, òun náà ló wà nínú ẹ́nájì dírìǹkì. Ẹ̀dọ̀ ló máa ń fọ́ kaféènì jáde kúrò lára, èéfín sìgá sì máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn kíákíá ju bó ṣe yẹ lọ (èéfín ni o, kì í ṣe nikotíìnì). Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń mu sìgá fi lè jẹ obì mẹ́rin kí wọ́n sì sùn lọ fọnfọn. Ọjọ́ tí ẹ bá wá jáwọ́, láàárín ọjọ́ mélòó kan ẹ̀dọ̀ á rọra padà sí ìrìn ẹ̀, obì kan náà tí ẹ ti ń jẹ tẹ́lẹ̀, kaféènì ẹ̀ tó máa dúró nínú ẹ̀jẹ̀ yín lè di ìlọ́po méjì! Ọkàn á máa lù kìkì, ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun á dá, ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan á máa gún yín lára. Ẹ ó ní sìgá ló ń ṣe yín. Ẹ̀yin tún wá fi kún obì torí pé kò sí sìgá, ẹ wá fi ẹ́nájì dírìǹkì lé e. Ẹ jọ̀ọ́, láti ọ̀la, ẹ gé obì yẹn sí ìdajì, kó má kọjá ọ̀sán, ẹ́nájì dírìǹkì ní tiẹ̀ ẹ fi sílẹ̀ pátápátá fún oṣù kan. Ẹ má gé obì kúrò lẹ́ẹ̀kan náà o, ẹ̀fọ́rí ẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. Mo ti sọ èyí fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn kan padà wá lọ́jọ́ kẹta wọ́n ní àwọn sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tí ẹ bá ń lo oògùn àìsàn ọpọlọ bíi olanzapine tàbí clozapine, ẹ tètè sọ fún dókítà yín pé ẹ ti jáwọ́ nínú sìgá, torí ohun kan náà ló máa ṣẹlẹ̀ sí oògùn yẹn lára yín, ìwọ̀n tí wọ́n fún yín tẹ́lẹ̀ lè wá pọ̀ jù.

Ó yá, ọ̀rọ̀ bó ṣe ń pè yín lẹ́yìn oúnjẹ àti nínú ọkọ̀. Èyí yàtọ̀ sí ìkanra, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ìkanra máa ń wà lára ṣáá ni, èyí ní tiẹ̀ máa ń dìde lójijì, ó sì mọ ibi tó ń gbé. Ọdún 14 lẹ fi ń jẹ ẹ̀bà tán tí ẹ ń tan sìgá, ọpọlọ ti kọ̀wé ẹ̀ sílẹ̀ pé ẹ̀bà tán, sìgá kàn. Àwọn olùwádìí kan ní Ísírẹ́lì ṣe nǹkan kan tí wọ́n gbé jáde ní 2010 tó wú mi lórí gan-an. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ òfuurufú tí wọ́n ń mu sìgá ni wọ́n tẹ̀ lé, lọ́jọ́ tí ìrìn àjò wọn gùn tó wákàtí 10 sí 13, àti lọ́jọ́ tó jẹ́ wákàtí 3 sí 5 àbọ̀. Wọ́n rí i pé kì í ṣe bó ṣe pẹ́ tó tí wọ́n ti mu ún gbẹ̀yìn ló ń jẹ́ kó wù wọ́n, bí ọkọ̀ bá ṣe ń sún mọ́ ilẹ̀ ni. Ní wákàtí kẹrin, ẹni tó fẹ́ balẹ̀ ti ń yánhànhàn, ẹni tó ṣì ní wákàtí mẹ́jọ lókè, ó fara balẹ̀. Ẹ bi àwọn dírẹ́bà ẹlẹgbẹ́ yín tó jẹ́ Mùsùlùmí léèrè, nínú oṣù ààwẹ̀ wọn ò ní fọwọ́ kan sìgá láti sààrì títí di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n tó bá ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n ṣínu báyìí, ojú wọn á ti wà lára páálí. Ọkàn tó mọ̀ pé kò sí ọ̀nà, ó máa ń jókòó. Èyí tó ń wò ó pé "bóyá màá mu ẹyọ kan," ìyẹn ni kì í jẹ́ kó sinmi. Torí ẹ̀ ni mi ò fi fara mọ́ "màá máa mu ẹyọ kan lálẹ́ nìkan" fún ẹni tó ti dá a dúró pátápátá bíi tiyín.

Tó bá dìde báyìí, kò ní pẹ́ lọ títí. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, márùn-ún, ó pẹ́ tán kó tó mẹ́wàá, á wálẹ̀, ì báà jẹ́ pé ẹ mu ún tàbí ẹ ò mu ún. Ẹ fi aago wò ó lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó gbà mí gbọ́. Iṣẹ́ yín ò ju kí ẹ fi ọwọ́ àti ẹnu ṣe nǹkan míì láàárín ìṣẹ́jú yẹn. Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ dìde kíákíá, ẹ má jókòó sórí àga tí ẹ ti máa ń mu ún, ẹ fọ ẹnu yín tàbí kí ẹ rin pákò, ẹ rìn yíká àdúgbò. Nínú ọkọ̀, ẹ gbé omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀, Tom Tom ò burú, ẹ̀pà náà dára torí ọwọ́ máa ríṣẹ́ ṣe tí ọkọ̀ bá dúró, ẹ sì wá ìṣáná àti láítà tó wà nínú ọkọ̀ yẹn, gbogbo ẹ̀, tó fi dé abẹ́ àga, ẹ kó o dànù. Ẹ fọ ọkọ̀ yẹn nínú lóde, òórùn ẹ̀ ń pè yín ẹ ò mọ̀ ni. Ibi tó le jù ni gáréèjì. Òfin lórí tábà tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2015 ní kí ẹnikẹ́ni má ta sìgá ní ẹyọ-ẹyọ, páálí tó ní ẹyọ 20 ni kí wọ́n máa tà. Ta ló ń tẹ̀ lé e? Lọ́dọ̀ màmá tó ń ta paraga lẹ ó ti rí i, ẹyọ kan péré, iná wà níbẹ̀, owó péńpé. Ó máa ń dùn mí, torí ẹni tó bá fẹ́ jáwọ́ ì bá rí ààyè ronú díẹ̀ tó bá jẹ́ odidi páálí ló gbọ́dọ̀ rà. Fún oṣù kan, ẹ má jókòó síbi paraga, ẹ má mu bíà níta, kì í ṣe ti ẹ̀sìn ni mò ń sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi jáwọ́ kó tó jóòótọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, mo ti lo oṣù méjì gbáko, òde ìsìnkú kan ni mo ti ṣubú, mo mu bíà méjì, ọ̀rẹ́ mi na páálí sí mi, mi ò tiẹ̀ rántí pé mo ti jáwọ́ títí mo fi mu ún dé ìdajì.

Ọ̀rọ̀ oògùn ńkọ́? Ọjọ́ kẹsàn-án ò tíì pẹ́ jù, ẹ ṣì lè lò ó. Ṣíńgọ́ọ̀mù nikotíìnì wà, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara bíi plásítà náà wà, láti 2009 ni àjọ ìlera àgbáyé ti fi wọ́n sínú àkójọ oògùn tó pọn dandan. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bi mí pé ṣé kì í ṣe sìgá náà ni. Rárá, ọ̀dà àti èéfín tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn jẹ́ ò sí níbẹ̀, nikotíìnì díẹ̀ ló ń fún ara, ó sì ń rọra wọlé, kò lè so yín mọ́lẹ̀ bíi ti èéfín. Ẹni tó ń mu ju ẹyọ 10 lọ lójúmọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú plásítà 21 mg, ẹni tó bá ń tan sìgá kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé lẹ́yìn tó jí, ṣíńgọ́ọ̀mù 4 mg ló máa ń bá a mu, àwọn yòókù ń lo 2 mg, èèyàn sì lè fi plásítà ọ̀hún kún ṣíńgọ́ọ̀mù, ó dára ju kéèyàn lo ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn lọ. Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ ṣíńgọ́ọ̀mù yìí bí èyí tí ọmọdé ń jẹ: ẹ rọra jẹ ẹ́ títí á fi ta yín lẹ́nu bí ata, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó dúró, tí títa yẹn bá lọ ẹ tún jẹ ẹ́ díẹ̀. Tí ẹ bá ń jẹ ẹ́ lọ ràì, ikùn ló ń lọ, ẹ ó kàn máa ṣe òsúkè ni, ẹ ó wá ní kò ṣiṣẹ́. Kí ẹ má sì mu kóòkì tàbí omi ọsàn ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú ẹ̀. Ohun tí mi ò ní purọ́ fún yín ni pé ó wọ́n, kì í sì í sí ní gbogbo ilé oògùn, ẹ lè dé ibi mẹ́ta kí ẹ tó rí i, ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Varenicline àti bupropion tún wà, oògùn oníhóró ni, wọ́n fi wọ́n kún àkójọ yẹn ní 2021, dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún yín, ẹni tó bá ní wárápá ò gbọdọ̀ fẹnu kan bupropion. Tí agbára yín ò bá ká ìkankan nínú ẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn jáwọ́ láìlò ó, èmi náà ò lò ó, ó kàn máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ ni. Áṣáà, ṣíṣà àti igbó, ẹ má fi rọ́pò, èyí tó jẹ́ tábà níbẹ̀ nikotíìnì náà ni, igbó sì sábà máa ń fa èèyàn padà torí èéfín ni èéfín. Vape, ìyẹn sìgá oníbátìrì, ti ran àwọn kan lọ́wọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n nikotíìnì lè pọ̀ nínú ẹ̀, tí owó bá wà èmi á kọ́kọ́ na ọwọ́ sí plásítà.

Ibi tí agbára mi mọ rèé. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ìkanra yìí ò tíì lọ sílẹ̀ rárá lẹ́yìn tí ẹ ti gé obì, ẹ lọ rí dókítà. Ṣùgbọ́n tí ayé bá ń sú yín, tó ń ṣe yín bíi kí ẹ kú, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kankan, ẹ lọ rí dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Àwọn kan wà tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti wà lára wọn tipẹ́, tí sìgá kàn ń gba ojú èèyàn kúrò lára ẹ̀, mi ò lè ti ibí yìí mọ̀ bóyá ẹ wà nínú wọn. Tí ẹ bá sì ṣubú, tí ẹ mu ẹyọ kan, ẹyọ kan ni, kì í ṣe odidi páálí, ẹ ju ìyókù nù, ẹ máa ka ọjọ́ yín lọ.

Nínú ilé, ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń fi ṣe àṣírí, ilé á kàn máa rí ìkanra wọn ò ní mọ ìdí ẹ̀. Ẹ pe ìyàwó yín jókòó, ẹ ní "ó ku bíi ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí nǹkan yìí rọlẹ̀, tí o bá rí i tí mo dìde jáde lójijì, má pè mí padà, mò ń lọ tutù ni." Kí ẹ sì jáde lóòótọ́, kí ẹ má dúró parí ọ̀rọ̀ náà, ẹ bu omi sójú, ẹ rìn dé ìyànà. Ẹ má jẹ́ kí ebi pa yín kọjá àkókò, torí ebi àti ìkanra yìí, wọn ò kí ń yà lára wọn. Ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn ò mọ nikotíìnì, ohun tó mọ̀ ni pé òun da omi, bàbá òun sì gbá òun. Lálẹ́ òní, kó tó sùn, ẹ pè é mọ́ra, ẹ sọ fún un pé omi tó dà kọ́ ló fa ìgbátí yẹn, pé ara bàbá ẹ̀ ni ò yá, pé ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀, ẹ ní kó má bínú.